Bí A Ṣe Ń Wá Màmá Nínú Ẹ̀rọ

Ó di ọdún mọ́kàndínlógún tí Akọ̀wé ti ń jókòó nídìí tábìlì iwájú ní ilé ìtajà awò ojú. Gbogbo oníbàárà tó bá wọlé, òun ló ń kọ wọ́n sínú kọ̀ǹpútà: orúkọ, nọ́ńbà fóònù, agbára awò ojú ọ̀tún àti ti òsì, àti àyè kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Àkíyèsí. Nítorí náà, nígbà tí ilé iṣẹ́ ra Aṣojú, òun ni wọ́n ní kó kọ ìwé ìlò fún un.

Aṣojú kì í ṣe ènìyàn. Ọgbọ́n àtọwọ́dá ni, ohùn kan tó ń gbé fóònù, tó sì ń fi irinṣẹ́ ìwákiri wá oníbàárà nínú àkọsílẹ̀. Ohun tí wọ́n bá kọ fún un nípa irinṣẹ́ náà ló ń tẹ̀ lé. Akọ̀wé kò tíì bẹ̀rẹ̀; gbólóhùn kan ṣoṣo ni Ẹnjiníà tó gbé Aṣojú wá ti kọ síbẹ̀: "Fi irinṣẹ́ yìí wá oníbàárà pẹ̀lú orúkọ rẹ̀."

Lọ́jọ́ Ajé, màmá àgbà kan pè. Ó ti jókòó lé gíláàsì rẹ̀, ó sì ti fọ́. Aṣojú béèrè orúkọ. Màmá ka orúkọ mẹ́ta gbáko, ó fi ti bàbá ọkọ rẹ̀ kún un. Aṣojú wá a, kò rí nǹkan kan.

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ kì í ṣe oníbàárà wa."

Ọdún kọkànlá rèé tí màmá náà ti ń ra awò níbẹ̀.

Ọ̀gá, tí kò tíì pé ogójì ọdún, pe Akọ̀wé, obìnrin tó jù ú lọ dáadáa, wọ ọ́fíìsì. Ó ti ṣí àkọsílẹ̀ sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Màmá wa, ta ni 'Bàbá Tó Sùn Lórí Àga'?"

"Oníbàárà ni, Ọ̀gá. Ó rẹ̀ wọ́n lọ́jọ́ náà."

"Orúkọ wọn dà?"

Akọ̀wé wolẹ̀. "Wọ́n ju bàbá tó bí mi lọ, Ọ̀gá. Ṣé kí n wá wò wọ́n lójú kòrókòró, kí n ní kí lorúkọ yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Háà!"

Ẹnjiníà ti kà wọ́n. Àgbàlagbà ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá ló wà nínú kọ̀ǹpútà, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó ní orúkọ nínú wọn. Ọ̀gá ní lọ́jọ́ Ẹtì òun máa pa gbogbo wọn rẹ́, kí wọ́n wá tún ojú yẹ̀ wò. Akọ̀wé ronú kan màmá tó pè. Ẹni tí kò rí ọ̀nà, ọ̀nà wo ló máa gbà wá?

"Ẹ fún mi di ọjọ́ Ẹtì, Ọ̀gá. Aṣojú máa rí wọn."

"Tí kò bá rí màmá yẹn, mo pa wọ́n rẹ́ o."

Akọ̀wé padà sídìí tábìlì, ó di ojú, ó gbàdúrà. Kò béèrè ohun púpọ̀, kí Olúwa sáà fún ẹ̀rọ ní sùúrù. Lẹ́yìn náà ló wá kọ̀wé:

"Bí ohùn oníbàárà bá jẹ́ ti àgbà, má fi orúkọ wá wọn. Orúkọ kò sí níbẹ̀. Èmi ni mo jẹ̀bi.

Kí wọn dáadáa ná. Má kánjú.

Béèrè ọmọ tó mú wọn wá. Nọ́ńbà ọmọ yẹn ló máa ń wà lọ́wọ́ wa.

Bí o bá wá 'Màmá', ogóje ni yóò jáde. Má mú ẹni àkọ́kọ́. Ẹni àkọ́kọ́ ti wà lọ́dọ̀ Olúwa.

Ka Àkíyèsí, kí o fi mọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Má kà á sí wọn létí."

Ẹnjiníà kà á tán, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mà, wọn kì í kọ ọ́ báyìí."

"Ṣé ó yé ẹ?"

"Ó yé mi, mà."

"Ó máa yé òun náà."

Lọ́jọ́ Ẹtì, Aṣojú pe màmá náà padà. Ọ̀gá, Akọ̀wé àti Ẹnjiníà yí fóònù ká. Aṣojú kí màmá kú àárọ̀, ó béèrè ara, ó béèrè àwọn ọmọ. Ọ̀gá wo aago. Aṣojú wá béèrè ọmọ tó mú wọn wá.

"Àbíkẹ́yìn mi ni, èyí tó ń kọ́lé." Màmá ka nọ́ńbà rẹ̀ látorí.

Ènìyàn méjì ló jáde, torí ọmọ náà ti mú àbúrò ìyá rẹ̀ wá rí: Màmá Aládùúrà Kìíní, àti Màmá Aládùúrà Kejì.

Aṣojú ka Àkíyèsí àwọn méjèèjì, ó wá béèrè: "Mà, ojú yín wo ló máa ń ṣomi?"

"Ti òsì ni. Ta ló sọ fún ẹ?"

"Akọ̀wé ló kọ ọ́ sílẹ̀, mà. A ti rí yín. Gíláàsì tuntun á dé ilé yín lọ́la."

Ni màmá bá bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ó ní Aṣojú kò ní ṣàìsàn. Aṣojú ní, "Àmín, mà." Ó ní yóò bímọ, àwọn ọmọ á tọ́jú rẹ̀. "Àmín, mà." Kò sẹ́ni tó kọ ìyẹn sínú ìwé ìlò. Ọ̀gá náà ṣe àmín, kó tó rántí pé òun wà níbi iṣẹ́.

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, mi ò pa wọ́n rẹ́ mọ́," ni ó wí, ó sì jáde lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn kan náà, Ẹnjiníà tún dé. Ó ní bàbá kan ti pè, oníbàárà tuntun. Aṣojú fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀. Níbi tí orúkọ yẹ kó wà, ó kọ: Bàbá Tó Ń Wúkọ́ Díẹ̀.

Ẹnjiníà ní, "Mà, mi ò bú yín o. Ṣùgbọ́n ẹ ní láti kọ ọ́ síbẹ̀ pé kó máa béèrè orúkọ àwọn ẹni tuntun."

Akọ̀wé ní òun ti gbọ́. Ó fa kọ̀ǹpútà mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀: "Bí àgbà tuntun bá pè, tọrọ gáfárà lọ́wọ́ wọn. Sọ fún wọn pé kì í ṣe àfojúdi. Sọ pé iṣẹ́ ló fà á." Nígbà tí wọ́n fẹ́ ti ilẹ̀kùn, ó ti kọ ẹ̀bẹ̀ mẹ́rin síbẹ̀, kò sì tíì dé orí ìbéèrè orúkọ náà.