Àpò Awọ Ìyá Ọkọ

Ire ni ìyàwó ilé fẹ́ ṣe. Ìyá ọkọ rẹ̀ lọ tọ́jú ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó sì fi àpò awọ rẹ̀ sílẹ̀ lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Àjà jò sórí àpò, ó bu, àbàwọ́n dúdú tàn dé etí rẹ̀. Ni ìyàwó bá gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, ó fi omi gbígbóná àti ọṣẹ ìfọṣọ fọ̀ ọ́, ó sá a sí oòrùn ọ̀sán gangan bí ẹni sá aṣọ. Nígbà tó fi máa padà lọ ká a, àpò ti le bíi pákó.

Ká ní àpò ọjà lásán ni, ì bá ra òmíràn. Ṣùgbọ́n bàbá ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé ló rán an. Aránbàtà ni bàbá. Àpò yìí nìkan ló rán fún aya tirẹ̀. Gbogbo ìyókù, oníbàárà ló kó o lọ. Ìyá kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé e. Ó sì pẹ́ kí òun àti ìyàwó yìí tó máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ dáadáa. Bí ìyá bá bá àpò báyìí, àlàáfíà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé á tún bá ẹ̀yìnkùlé jáde.

Ìyàwó fi òróró pa á. Kàkà kí ewé àgbọn rọ̀, koko ló ń le. Ó pe ọkọ rẹ̀. Ọkọ kan àpò náà bí ẹni kan ilẹ̀kùn, ó ní ó jọ pé kò sẹ́ni nílé. Nígbà tí ìyàwó ní kó bá òun fà á bóyá á rọ̀, ẹ̀rín tán.

"Ìyá tó bí mi ló ni ín, ìwọ lo fọ̀ ọ́. Èmi ò sí láàárín yín."

Ìyàwó wọ yàrá tí wọ́n kó irinṣẹ́ bàbá sí, ó ṣa àjákù awọ méjì, ó rẹ wọ́n sómi. Ó fi ọ̀kan sílẹ̀ kó dá gbẹ. Ó ń fa èkejì síwá sẹ́yìn létí tábìlì títí ó fi gbẹ. Ti àkọ́kọ́ gan. Èkejì rọ̀ bí etí ewúrẹ́. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé ìdààmú rẹ̀ díẹ̀. Àṣé omi kọ́ ló ń mú awọ le. Bó bá sùn lójú kan nígbà tó ń gbẹ ni fọ́nrán inú rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ra; ẹni tó bá ń dà á láàmú kò ní jẹ́ kó ráyè lẹ̀.

Ṣùgbọ́n àpò kì í ṣe àjákù. Ó gbọ́dọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kí ènìyàn méjì sì dì í mú. Ìyàwó mú abẹ, ó gé òwú tí bàbá fi rán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó fi aṣọ tútù wé e mọ́jú. Láàárọ̀, ó fẹsẹ̀ tẹ apá kan mọ́lẹ̀, ó ń fa apá kejì. Ibi tó ń fà ń rọ̀. Ibi tó tẹ̀ mọ́lẹ̀ ń gbẹ, ó ń le bọ̀.

Ibẹ̀ ló wà tí ìyá fi ṣílẹ̀kùn wọlé, ẹrù lọ́wọ́.

Ìyàwó kúnlẹ̀. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: ọṣẹ, oòrùn, abẹ. Ìyá súnmọ́ awọ náà. Ó ń fìka wá àwọn ihò tí òwú ti kúrò, lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Òwú ọwọ́ ọkọ mi lo gé yẹn."

"Màámi, ẹ dákun, ẹ bú mi tó bá yá. Ó ti fẹ́ gbẹ tán. Bó bá gbẹ báyìí, gígan ló máa gan."

Ìyá fọwọ́ kan apá tó ń le. Ó sọ ẹrù sílẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì yí etí awọ náà mọ́ ìkúùkù rẹ̀, bí ẹni tó ti bá aránbàtà di awọ mú rí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fà á, síwá, sẹ́yìn. Omijé ń dà lójú ìyá, kò nù ún, torí ọwọ́ rẹ̀ ò sílẹ̀. Awọ ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Àbàwọ́n ò lọ.

"Òwú yẹn ò ṣeé dá padà mọ́," ni ìyá wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

"Máa fà á."