Ìyá Tó Wà ní Yàrá Kejìlá

Ẹni tó bá rò pé títẹ́ bẹ́ẹ̀dì kì í ṣe iṣẹ́, kó lọ bá Òkìkíọlá ní òtẹ́ẹ̀lì kékeré tó wà lẹ́yìn Sábó ní Yaba. Aṣọ funfun ni gbogbo aṣọ ibẹ̀, funfun kì í sì í bo àṣírí. Irun kan ṣoṣo tí àlejò àná bá gbàgbé sórí ìrọ̀rí, àlejò òní á mú un lọ síwájú ọ̀gá bí ẹni pé ejò ló rí. Nítorí náà, bí Òkìkíọlá bá ti wọ yàrá, fèrèsé ló kọ́kọ́ ń ṣí, kí òórùn àná lè jáde. Á ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì, á gbọ̀n ọ́n wò dáadáa, torí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé yẹtí sínú rẹ̀, ẹnìkan tilẹ̀ ti gbàgbé eyín àtọwọ́dá rí. Á da oògùn sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, á fi í sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́, á padà wá tẹ́ aṣọ tuntun, á ká igun rẹ̀ mọ́ abẹ́ fóòmù bí ẹni ń pọ́n ẹ̀kọ. Bó bá parí, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á fi ojú àlejò wo gbogbo rẹ̀ kó tó ti ilẹ̀kùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì yìí, ọwọ́ rẹ̀ ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ wà lókè pátápátá, ní yàrá kejìlá, níbi tó fi ìyá rẹ̀ pamọ́ sí.

Ẹ má tíì bú u. Ilé tí òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé ní Mùṣín ni onílé tà, ẹni tó rà á kò sì ní sùúrù. Ó rán àwọn ọmọkùnrin kan wá ṣí páànù òrùlé nígbà tí àwọn ayálégbé ṣì wà nínú ilé. Òjò ọ̀sán ọjọ́ náà rọ̀ sórí ìkòkò, ó rọ̀ sórí àpótí, ó rọ̀ sórí ìyá arúgbó. Òkìkíọlá kó ẹrù lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Pásítọ̀ gba ẹrù, kò gba èèyàn. Òun fúnra rẹ̀ lè sùn nínú yàrá tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń pààrọ̀ aṣọ, ọ̀gá ti gbà fún un bẹ́ẹ̀. Ìyá ńkọ́? Obìnrin tí orúnkún ń dùn, tí kò ní ẹbí kankan mọ́ l'Ékòó, tí ilé bàbá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti di àlàpà.

Yàrá kejìlá wà ní ìpẹ̀kun ọ̀nà. Ẹ̀rọ amúlétutù ibẹ̀ ti kú, ọ̀gá sì ti ní kí wọ́n má gba àlejò síbẹ̀ títí wọn yóò fi tún un ṣe. Ọwọ́ Òkìkíọlá ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà. Ó bẹ Ọlọ́run, ó gba ẹ̀yìn kíṣìnì, ó mú ìyá rẹ̀ gòkè. Kí owó oṣù ṣáà wọlé ni, kó lè fi gba yàrá kan tó ti rí ní Ìdí-Oro. Bí ọ̀gá bá mọ̀, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn. Bí iṣẹ́ bá sì bọ́, ìta gbangba ni ìyá àti ọmọ yóò sùn.

Ohun tó pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé, pẹ̀lú gbogbo ìsápamọ́ yìí, ìyá kò gbà kí ọmọ fi ìkánjú kí òun. Láràárọ̀, bí Òkìkíọlá bá yọ́ gbé búrẹ́dì àti tíì wọlé, tó fẹ́ kàn tẹ orúnkún díẹ̀, ìyá á kọjú sí ògiri.

"Orúnkún tí kò bá kanlẹ̀, kò tíì kí ẹnikẹ́ni."

Ọmọ á kúnlẹ̀ dáadáa lórí táìlì tútù. Ìyá á wá gbàdúrà fún un ní ohùn jẹ́jẹ́, kí àwọn tó wà níta má baà gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe tọ́ ọ láti kékeré, débi pé Òkìkíọlá kì í rò ó mọ́ kó tó ṣe é. Bó bá ti fojú kan ìyá rẹ̀, orúnkún rẹ̀ ti mọ ọ̀nà ilẹ̀.

Ó ń nu dígí lọ́wọ́ nígbà tí Joshua yọjú. Joshua ni ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń dúró ní kántà iwájú, tó ń gba àlejò wọlé.

"Àǹtí Òkìkí, gbogbo room ti full o. Àwọn tó wá fún convocation ọmọ wọn ní Akọka ti kó gbogbo ẹ̀. Mo ti ta twelve náà."

Àkísà já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Twelve wo? Ṣebí AC ibẹ̀ ò ṣiṣẹ́."

"Bàbá yẹn ní àwọn ò fẹ́ AC, pé ó ń jẹ́ kí àwọn wúkọ́. Ọ̀gá ló ní kí n fún wọn. Wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ kejì, wọ́n ti ń gòkè. Ṣé ẹ ti tún un ṣe?"

Kó tó parí ọ̀rọ̀ náà, Òkìkíọlá ti já sí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn, ó ń sáré gùn ún. Bó ṣe ń sáré ló ń wá ohun tí yóò wí. Yóò ní aláìsàn ni. Yóò ní ó ṣìnà ni. Irọ́ tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni gbogbo rẹ̀, òun náà sì mọ̀.

Ilẹ̀kùn yàrá kejìlá wà ní ṣíṣí. Bàbá àgbàlagbà kan jókòó lórí àga, ó gbé fìlà lé itan, ó ń mu omi. Ìyá kò sí níbẹ̀. Báàgì rẹ̀ kò sí, ìborùn rẹ̀ kò sí, ife tíì àárọ̀ kò sí. Wọ́n ti gbá ilẹ̀ mọ́ tónítóní. Bẹ́ẹ̀dì ti wà ní títẹ́, igun aṣọ rẹ̀ sì ti wọ abẹ́ fóòmù bó ṣe yẹ. Lórí tábìlì, àwo pẹlẹbẹ kékeré tí wọ́n fi dé ife omi náà ṣì wà níbẹ̀. Òkìkíọlá rí àwo yẹn, ó mọ̀ pé ọwọ́ ìyá òun ni.

"Ẹ káàbọ̀, sà."

"O kú iṣẹ́, ọmọ mi. Àkàngbé lorúkọ mi, Ìwó ni mo ti ń bọ̀. Màmá tó tún yàrá yìí ṣe dà?"

"Màmá wo, sà?"

"Èyí tó jáde bí mo ṣe ń wọlé. Wọ́n kí mi kú ìrìn, wọ́n bu omi fún mi, wọ́n dé e lórí. Gbogbo òtẹ́ẹ̀lì tí mo ti ń sùn, omi inú ike tí wọ́n ń tà fúnni ni mo mọ̀. Kò sẹ́ni tó bu omi fún mi rí. Ó dà bíi pé ilé àbúrò mi ni mo wọ̀." Bàbá náà dìde, ó ń dé fìlà rẹ̀. "Màá lọ yìn wọ́n fún ọ̀gá yín."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe wàhálà. Èmi á bá yín dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn."

"Rárá o. Yinni yinni, kẹ́ni lè ṣe mìíràn." Ó ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti kọrí sísàlẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín.

Ẹni tó bá ń sá fún ọ̀tá mọ ọ̀nà tó lè gbà. Ta ló mọ bí wọ́n ṣe ń sá fún ọpẹ́? Òkìkíọlá dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Ó fẹ́ fa bàbá náà láṣọ. Ó fẹ́ sunkún. Nígbà tó yá, ó gba orí dẹ́kì lọ, níbi tí wọ́n ti ń sá aṣọ.

Ibẹ̀ ló ti bá ìyá rẹ̀. Ó gbé báàgì lé ilẹ̀, ó ń ká àwọn aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó ti gbẹ.

"Màámi, kí lẹ ṣe yìí?"

"Mo gbọ́ láti ìsàlẹ̀ tí ẹnìkan ń júwe yàrá náà fún àlejò. Ṣé kó wá bá a bó ṣe rí ni? Mo yára gbá a, mo tẹ́ ibùsùn bí mo ṣe rí i tí ò ń tẹ́ ẹ."

"Omi ńkọ́? Ta ní ní kí ẹ bu omi?"

Ìyá wò ó bí ìgbà tí ọmọ bá béèrè ohun tí kò yẹ kí ọmọ tí wọ́n kọ́ béèrè. "Àlejò wọlé, o ní ta ní ní kí n bu omi."

Inú bí Òkìkíọlá. Lẹ́sẹ̀ kan náà, ìfẹ́ obìnrin yìí kún inú rẹ̀. Ó ń wo ojú títì láti orí dẹ́kì. Wọ́n ti ti géètì ẹ̀yìn, wọ́n kì í ṣí i àfi bí ẹlẹ́ja bá dé. Kò sí ọ̀nà mìíràn tí èèyàn lè gbà jáde ju iwájú kántà lọ.

"Ẹ jókòó sẹ́yìn tánkì omi yìí, Màámi. Ẹ má gbá nǹkan kan. Ẹ má kí ẹnikẹ́ni. Màá wá mú yín."

"Bí wọ́n bá rí mi, o ò mọ̀ mí rí."

"Màámi."

"Mo ní o ò mọ̀ mí. Èmi ni mo wọlé fúnra mi. Ṣé o gbọ́?"

Kò tíì dáhùn nígbà tí wọ́n ti ìsàlẹ̀ pe orúkọ rẹ̀.

Madam Edith, ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì náà, dúró níwájú kántà, bàbá Àkàngbé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Madam Edith kì í ṣe ìkà. Ó kàn jẹ́ pé òun kọ́ ló ni òtẹ́ẹ̀lì, ẹni tó ni ín kì í sì í gbọ́ àwáwí. Gbogbo àwọn tó ń tún yàrá ṣe ló ti pè jọ, ọmọdébìnrin sì ni gbogbo wọn. Ojú bàbá ń ti orí ẹnìkan bọ́ sórí ẹnìkejì, ẹ̀rín rẹ̀ sì ń kú lọ díẹ̀díẹ̀.

"Kò sí màmá yẹn nínú wọn," ló wí. "Bóyá mo ṣì í rí ni."

Ó ti pẹ́ jù. Madam Edith ti rán Awwal, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì, pé kó wá gbogbo òkè. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Awwal ló gbé báàgì. Ìyá ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó ń di irin àtẹ̀gùn mú, ó ń fi ẹsẹ̀ kan dúró de ìkejì.

"Màmá, ta ló mú yín wọ ibí?"

"Kò sẹ́nì kankan. Mo rí ẹ̀yìn kíṣìnì ní ṣíṣí, mo wọlé. Ó rẹ̀ mí ni."

"Yàrá tí wọ́n tì pa?"

"Ó ṣí sílẹ̀ nígbà tí mo débẹ̀."

Madam Edith yíjú. "Òkìkíọlá, ìwọ lo ni òkè yẹn, ọwọ́ ẹ ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ṣé o mọ màmá yìí?"

Gbogbo ohun tó kù fún un láyé wà nínú ìdáhùn náà. Iṣẹ́ wà níbẹ̀, owó oṣù wà níbẹ̀, yàrá Ìdí-Oro wà níbẹ̀ pẹ̀lú òrùlé rẹ̀. Bó bá sẹ́ ẹ, ó lè lọ wá a ní títì lẹ́yìn iṣẹ́, kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́wọ́, kò sí ohun tí wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀. Ìyá ń wo ilẹ̀, kò wò ó rárá.

"Mi ò mọ̀ wọ́n, mà."

Ohùn tó fi sọ ọ́ ṣàjèjì sí òun fúnra rẹ̀. Ó rí i tí ìyá rẹ̀ mi orí díẹ̀, bí ìgbà tí ọmọ bá ka á-bí-dí láìṣìṣe.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́," ni bàbá Àkàngbé wí, "èmi ni mo fẹnu mi dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí màmá máa lọ."

"Bàbá, nǹkan àlejò kan bá sọnù lónìí, èmi ni wọ́n máa mú." Madam Edith mí kanlẹ̀. "Màmá, mi ò ní pe ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n ẹ fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Tí kì í bá ṣe pé mo mọ̀ ọ́n, ǹ bá ti lé e. Ẹ bẹ ọmọ yìí, kẹ́ ẹ máa lọ."

Ìyá fi ọwọ́ kan di etí kántà mú. Orúnkún tó sàn ló kọ́kọ́ kanlẹ̀. Èyí tó ń dùn ún tẹ̀ lé e, ó pẹ́ kó tó débẹ̀.

"Àǹtí," ló wí fún ọmọ tó bí, "ẹ má bínú sí mi. Mi ò ní padà wá mọ́."

Ọjọ́ kan ṣoṣo ni Yorùbá mọ̀ pé ìyá ń kúnlẹ̀ nítorí ọmọ, ọjọ́ ìrọbí ni. Ìyá yìí ti kúnlẹ̀ tọjọ́ náà. Ó tún ń kúnlẹ̀ tòní, lórí táìlì tí ọmọ ọ̀hún fi ọwọ́ ara rẹ̀ nù láàárọ̀.

Òkìkíọlá kò rò ó. Bó bá rò ó ni, ì bá dúró. Kó tó mọ̀, orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti kanlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀, dáadáa, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, orí rẹ̀ sì wà ní ìtẹ̀ba.

"Màámi, ẹ dìde," ló ń wí. "Ẹ jọ̀ọ́, Màámi, ẹ dìde."

Àwọn méjèèjì kúnlẹ̀ dojú kọ ara wọn níwájú kántà. Joshua wo ibòmíràn. Bàbá Àkàngbé ṣí fìlà, kò sì dé e padà. Madam Edith wo ojú ìyá, ó wo ojú ọmọ, ojú kan náà ni. Kò bínú. Ó kàn na ọwọ́ sí Òkìkíọlá fún kọ́kọ́rọ́.

"Kí ló ṣe ọ́?" Ohùn jẹ́jẹ́ tó fi ń gbàdúrà láràárọ̀ ni ìyá fi bi ọmọ rẹ̀. "Ó ti ń tán lọ. Ẹnu ọ̀nà ló kù."

"Ẹ̀yin lẹ kúnlẹ̀ fún mi, Màámi."

Òkìkíọlá tú kọ́kọ́rọ́ kúrò ní ìgbànú rẹ̀, ó fi í lé ọwọ́ ọ̀gá, ó sì ki apá bọ abẹ́ apá ìyá rẹ̀ láti gbé e dìde, torí orúnkún náà kò lè dá gbé e mọ́.