Kọ̀ǹpútà Tó Lè Gbé Fọ́tò Ògiri

Kọ̀ǹpútà àtijọ́ ayàwòrán ti kọ̀ jálẹ̀. Fọ́tò gbogbo òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn, tí wọ́n fẹ́ fi bo ògiri ẹnu ọ̀nà láti òkè délẹ̀, ló ń tún ṣe. Ó yà á ní ẹyọ ẹyọ, ó so wọ́n pọ̀ ní ìpele ìpele tó léra wọn lórí kọ̀ǹpútà, kò sì jẹ́ pa ìpele kan pọ̀ mọ́ òmíràn, torí ó fẹ́ lè padà síbi tó bá wù ú. Bí fọ́tò ṣe ń tóbi sí i ni kọ̀ǹpútà ń mí hẹlẹ. Mátíróònì àgbà ilé ìwòsàn náà sì ti sọ ọ́ lójú rẹ̀ pé bí òun ò bá rí i lọ́la, òun á gbé iṣẹ́ náà fẹ́lòmíì. Irú iṣẹ́ yìí ló ti ń wá látìgbà tó ti ń ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù.

Ló bá forí lé ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó jẹ́ télọ̀, tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò pè é. Kí wọ́n tó kí ọlọ́jà tán ni ẹ̀gbọ́n ti yan tiẹ̀: kọ̀ǹpútà kan báyìí tó funfun báláú, tí iná búlúù ń ṣẹ́jú nínú rẹ̀.

"Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀," ni télọ̀ wí. "Kọ́sítọ́mà tó bá rí èyí lórí tábìlì ẹ á bọ̀wọ̀ fún ẹ."

"Ẹ jẹ́ n dán an wò ná." Ayàwòrán fa fíláàṣì tó kó fọ́tò ilé ìwòsàn sí yọ nínú báàgì.

Ọlọ́jà rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, fọ́tò wà nínú ẹ̀. Ẹ wo bó ṣe mọ́."

"Tiyín nìyẹn. Tèmi ló máa gbé."

Wọ́n ki fíláàṣì bọ̀ ọ́. Kọ̀ǹpútà arẹwà náà ronú, ó ronú, ó bá dákú. Iná búlúù ṣì ń tàn ṣáá o. Ó dákú tán, kò gbàgbé oge. Ọlọ́jà ní kí wọ́n tún un tàn. Wọ́n tàn án, ó tún dákú. Ayàwòrán nawọ́ sí àpótí kọ̀ǹpútà dúdú kan tí wọ́n tì sí kọ̀rọ̀.

"Mẹ́mórì tìyẹn ńkọ́?"

"Ó ju tèyí lọ dáadáa. Àmọ́ kò wu èèyàn, wọn kì í béèrè ẹ̀."

"Èmi béèrè ẹ̀."

Wọ́n ki fíláàṣì bọ òun náà. Kí télọ̀ tó ráyè fa ìjókòó, gbogbo òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ti tò síwájú wọn: dókítà, nọ́ọ̀sì, agbálẹ̀. Ayàwòrán ṣí ìpele kan, ó pa òmíràn dé, wéré wéré. Ó fà á súnmọ́, ó tún fà á súnmọ́, kọ̀ǹpútà ò kọsẹ̀. Télọ̀ na ìka sí kọ́là nọ́ọ̀sì kan lẹ́yìn pátápátá.

"Ta ló rán eléyìí? Ojú rírán ẹ̀ wọ́."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ rí ojú rírán?"

"Mo rí i." Ó yíjú sí ọlọ́jà. "Àbúrò mi ló yà á."

Ayàwòrán sanwó àpótí dúdú náà, ó gbé e lọ. Lọ́jọ́ kejì, mátíróònì àgbà wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó fajú ro, ó ní òun fẹ́ rí ẹni tó kéré jù nínú fọ́tò náà. Ọlọ́dẹ ni, ó dúró sẹ́yìn gbogbo èèyàn nítòsí géètì. Ayàwòrán fà á wá síwájú. Irùngbọ̀n ọkùnrin náà, ẹ̀rín tó ń pamọ́ sábẹ́ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ yọ kedere.

Mátíróònì wò ó títí. "Àràárọ̀ ni mo ń kí bàbá yìí," ni ó wí, "mi ò mọ̀ pé ó ń rẹ́rìn-ín. Lọ tẹ̀ ẹ́. Ìwọ náà lo máa ya ti ẹ̀ka wa kejì."

Ayàwòrán dúpẹ́, ó gbé fọ́tò náà sínú fíláàṣì, ó di ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé. Iṣẹ́ ti di tiẹ̀.