Ọjọ́ Méje fún Eyín Kan

Bíríkìlà kan kò gba iṣẹ́ dókítà eyín rẹ̀ gbọ́ rárá, nítorí pé dókítà náà kò lu nǹkan kan, kò sì gbẹ́ nǹkan kan. Irú iṣẹ́ wo nìyẹn? Dókítà obìnrin náà kàn tan iná sí i lẹ́nu ni, ó ní àbàwọ́n funfun kan wà lára eyín ẹ̀yìn lápá òsì.

"Kò tíì dá ihò," ó wí. "Ara eyín náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọ̀. Mo máa fi oògùn fúlọ́ráìdì kùn ún, á jẹ́ kó tún le padà. Ẹ má jẹ nǹkan líle lónìí, ẹ má mu nǹkan gbígbóná, ẹ má sì fọ eyín títí di àárọ̀ ọ̀la."

Bíríkìlà wo ìyàwó rẹ̀ tó sìn ín wá. "Àárọ̀ ọ̀la kẹ̀? Dókítà, ṣé ẹ rẹ́ ògiri rí?"

"Rárá o, bàbá."

"Ó hàn."

Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń po sìmẹ́ńtì. Ó mọ̀ pé ọjọ́ méje gbáko ni wọ́n fi ń bomi rin iṣẹ́ tútù, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́. Bó ti délé, ó pa ẹnu dé pinpin, ó fi ìborùn ìyàwó rẹ̀ so àgbọ̀n mọ́ orí, ó wá gbé páálí kọ́ ọrùn: IṢẸ́ Ń LỌ LỌ́WỌ́, Ẹ MÁ FỌWỌ́ KÀN ÁN. Ọbẹ̀ tútù ló ń fi sìtírọ̀ fà gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, á la ètè díẹ̀, á fi ìgò kékeré kán omi sí eyín náà, ẹ̀kán mẹ́ta péré. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ó bú u, ó rán an létí lẹ́ẹ̀mẹwàá pé àárọ̀ ọjọ́ kejì ni dókítà wí. Orí lásán ni bíríkìlà ń mì.

Ní ọjọ́ kẹta, àbúrò rẹ̀ kan ilẹ̀kùn.

Ọ̀rọ̀ àbúrò yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ bíríkìlà tẹ́lẹ̀ ni. Lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn, àbúrò kánjú yọ pákó kúrò lábẹ́ àtẹ̀gùn kọnkéré tí kò tíì le, àtẹ̀gùn sì wó lé bárò tí wọ́n fi ń kó yẹ̀pẹ̀ lórí. Ẹnikẹ́ni kò fara pa, àfi bárò. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n pariwo níwájú gbogbo òṣìṣẹ́ pé òun kò ní àbúrò mọ́. Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ kò ti dùn lẹ́nu rẹ̀ dáadáa, ìtìjú ni kò jẹ́ kó lọ pè é.

"Ẹ̀gbọ́n mi," àbúrò wí, "mo ti dàgbà jù fún ìjà. Ẹ dá mi lóhùn, kó tán síbẹ̀."

Bíríkìlà nawọ́ sí páálí ọrùn rẹ̀.

"Ọkọ mi, ẹ má bínú," ìyàwó sáré sọ fún àbúrò. "Eyín wọn ni wọ́n ní kò tíì gbẹ."

"Ọdún mọ́kànlá ni eyín fi ń gbẹ?"

Bíríkìlà fa bébà yọ, ó kọ ọ́ gàdàgbà: JÓKÒÓ. Àbúrò tì í padà.

"Ẹnu lẹ fi lé mi lọ. Ẹnu ni kẹ́ ẹ fi pè mí padà. Tí mo bá jáde báyìí, n kò ní wá mọ́."

Ó yíjú sí ọ̀nà. Bíríkìlà ń ṣírò: ó ku ọjọ́ mẹ́rin. Bó bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ bàjẹ́. Bí kò bá sọ̀rọ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ lọ. Àbúrò ti di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú. Omi lé ròrò sójú bíríkìlà, ó já ìborùn dànù.

"Má lọ!" ó kígbe. "Àbúrò mi, má lọ. Èmi ni mo jẹ̀bi. Bárò lásán-làsàn ni!"

Àbúrò padà wá kíákíá. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di àgbọ̀n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú, ó rọra pa ẹnu náà dé fún un, ó sì tún ìborùn so.

"Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ pa á dé. Ọjọ́ mélòó ló kù?"

Bíríkìlà na ìka mẹ́rin.

"Mo máa dúró." Ó fa àga, ó jókòó tì í, ó sì gba ìgò omi náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni dókítà sọ!" ìyàwó kígbe láti ilé ìdáná.

Àbúrò ti ń ka ọjọ́ mẹ́rin tó kù lórí ìka. Bíríkìlà ni àwọn méjèèjì.