Ọjọ́ Tí Mo Dá Orin Dawda Dúró

Bí ẹ bá wá sí ìsọ̀ mi ní ọjà Albert, tí ẹ sì fẹ́ ra abọ́ tánganran ní ìrọ̀rùn, ẹ má sọ fún mi pé Oyster Creek Band àtijọ́ dára ju ti ìsinsìnyí lọ. Mo máa ń bínú. Simbiat ìyàwó mi ní kò yẹ kí n máa bínú sí ẹni tó ń sọ ohun tí èmi gan-an sọ ní ọdún méje sẹ́yìn, tí mo sì bínú lé lórí lójú gbogbo ayé. Òótọ́ ló sọ. Ẹni iwájú tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n, ìdí nìyẹn tí mo fi ń pariwo mọ́ wọn.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí. Nígbà tí mo dé Banjul ní Gambia, tí ìwé ìjọba ṣì ń pè é ní Bathurst, mi ò gbọ́ Wolof, mi ò gbọ́ èdè Àkú. Augustus, akọ̀wé kan létí èbúté, ló kọ́kọ́ bá mi ṣọ̀rẹ́. Ará àdúgbò Portuguese Town ni, ọ̀kan nínú àwọn Àkú, àtọmọdọ́mọ àwọn ẹrú Yorùbá tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Freetown. Onígbàgbọ́ ni, Mùsùlùmí ni èmi, àmọ́ Oyster Creek Band ló so wá pọ̀. Ní ọ̀sán gbogbo ọjọ́ Sunday, a ó wọ bàtà tó ń dán, ó di gbọ̀ngàn ijó. Dawda, ọ̀gá báńdì náà, á wọ kóòtù funfun, á gbé gìtá kọ́rùn, á máa kọ orin Sípáníìṣì tó kọ́ nínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù Cuba. Kò gbọ́ Sípáníìṣì. Àwa náà ò gbọ́. A jó o fún ọdún márùn-ún, kò sì sẹ́ni tó béèrè ohun tó ń wí. Bí a bá fẹ́ yìn ín, a ó ní, "Ọmọ yìí mà ti di ará Cuba." Ẹ wo irú ìyìn tí à ń yin èèyàn.

Ní ọdún 1971, Dawda kó àwọn ọmọ báńdì rẹ̀ lọ sí ìgbèríko, wọ́n lo oṣù mẹ́rin. Nígbà tí wọ́n máa padà, wọ́n ti bọ́ kóòtù sílẹ̀. Wọ́n gbé balafon wá, àwọn igi pẹlẹbẹ tí wọ́n tò síra wọn tí wọ́n ń fi ọ̀pá lù. Wọ́n tún mú onísabar méjì wá, àwọn tó ń fi ọwọ́ kan àti igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan lu ìlù níbi ìgbéyàwó. Gìtá ṣì wà, àmọ́ ẹ̀yìn ìlù ló ń rìn. Dawda ní òun ti kọ orin ilé onílé tó, ó kù kí òun kọ orin ilé òun. Ó wá ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń bẹ àwọn àgbà pé kí wọ́n kọ orin ìgbà èwe wọn sí òun létí. Ìdajì àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ kò wá mọ́. Wọ́n ní ṣé ìlù tí àwọn ń gbọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ lójúde ni àwọn máa sanwó wọlé gbọ́? Èmi gan-an ni aṣíwájú àwọn tó ń kùn. Augustus ni kò jẹ́ kí n jókòó sílé.

Ó nídìí tirẹ̀. Lọ́wọ́ Mama Adelaide, ìyá rẹ̀ tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ni Dawda ti gba orin kan, orin tí ìyá náà fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ abiyamọ. Ní Sunday tí wọ́n máa kọ́kọ́ kọ ọ́ síta, Mama wọ aṣọ tuntun, ó jókòó sí ìlà iwájú, ojú rẹ̀ ń dán. Èmi àti Augustus wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìlù bẹ̀rẹ̀. Ó dùn, mo jẹ́wọ́. Ẹsẹ̀ mi ti ń gbọ̀n lábẹ́ àga. Ni Dawda bá lanu, ni mo bá gbọ́ Yorùbá.

Yorùbá tó ti gbó ni o. Àwọn Àkú kò sọ Yorùbá mọ́, àfi orúkọ oúnjẹ, ìkíni àti nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹnu wọn ti lo orin yìí títí ó fi fẹ́lẹ́, wọn ò sì mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n etí ọmọ Ìsẹ́yìn kò lè ṣì í gbọ́:

Mo wá ọ títí, n ò rí ọ, Àkànní,
Mo wá ọ títí, n ò rí ọ, Àbẹ̀kẹ́,
Ó dàrìnnàkò, ó dojú àlá.

Ta ni Yorùbá tí kò mọ ẹni tí à ń wí fún pé ó dojú àlá? Òkú ni. Gbogbo gbọ̀ngàn sì ń jó, wọ́n ń fò sókè, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo dìde, mo gun orí pèpéle, mo gba makirofóònù lọ́wọ́ Dawda. Mo sọ ọ́ lédè Àkú kí gbogbo wọn lè gbọ́: "Ẹ dákẹ́. Orin òkú lẹ ń jó sí. Ẹni tó bá ń kọ irú èyí sétí ọmọdé, ikú ló ń pè fún un."

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn, mi ò mọ ibi tí mo ti rí i. Ìbínú ohùn tuntun náà ti wà nínú mi tẹ́lẹ̀, mo kàn rí ibi dà á sí ni. Ìlù dáwọ́ dúró. Mama Adelaide fọwọ́ kan Augustus léjìká, ó ní kó mú òun relé.

Mo délé, mo rò ó fún Simbiat, mo rò pé yóò gbè mí. Ó wò mí látòkè délẹ̀. Ó ní, "Bàbá Mùtíàt, ọdún márùn-ún lẹ fi jó Sípáníìṣì. Ta ló tú u fún yín? Bóyá òkú ni wọ́n ń sin níbẹ̀ náà."

Ní ọjọ́ Wednesday, Augustus wá sí ìsọ̀ mi. Mo gbé àpótí fún un, kò jókòó.

Ó ní, "Yésúfù, ìyá mi bí ọmọ méjì ṣáájú mi. Ọmọ ọwọ́ ni wọ́n wà tí wọ́n fi kú. Orin yẹn ló fi ń gbé wọn sùn. Láti Sunday ló ti ń sọ pé òun lòun fi ẹnu òun pa wọ́n. Kò jẹun dáadáa. Kò kọrin mọ́, orin rẹ̀ sì ni ojúlé wa fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Ìwọ lo gbé ẹrù yẹn lé e lórí. Wá sọ̀ ọ́."

Ẹyin lọ̀rọ̀. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì ti fi kìlọ̀ fún ọmọ àìmọye ìgbà. Lọ́jọ́ náà, ká ní wọ́n wá mú mi lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Mile Two, mi ò ní béèrè ẹ̀ṣẹ̀ mi. Mo ti ilẹ̀kùn ìsọ̀, mo tẹ̀ lé e.

Mama Adelaide wà nínú yàrá, ó ti fèrèsé pa. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àga rẹ̀. Àwọn Àkú kì í dọ̀bálẹ̀, ìyá náà rò pé ṣe ni mo ṣubú, ó ń pariwo kí ọmọ rẹ̀ wá gbé mi. Mo ní, "Mama, mi ò ṣubú. Ẹ̀bẹ̀ ni mo ń bẹ̀. Irọ́ ni mo pa lọ́jọ́ Sunday."

"Kì í ṣe orin òkú?"

Mo lè sọ pé rárá. Ó ti wà lẹ́nu mi. Àmọ́ ojú tó fi ń wò mí kì í ṣe ojú tí èèyàn ń purọ́ fún lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní, "Orin ẹni tó ń wá èèyàn rẹ̀ ni, tó wá wọn títí tí kò rí wọn. Kì í pe ikú. Kò lè pa ọmọ ẹnikẹ́ni. Ta ló kọ́ yín?"

Ó ní ìyá ìyá òun ni. Julia ni wọ́n ń pè é, orúkọ tí wọ́n fún un ní Freetown nígbà tí wọ́n já a gbà nínú ọkọ̀ ẹrú. Ọmọdé ni, kò mọ ilé mọ́. Ó ní ìyá náà kì í sọ̀rọ̀ ẹ̀yìn rí rẹ̀ rárá, àmọ́ bó bá ń fọṣọ, orin yẹn ló máa ń kọ.

Mo wá sọ ohun tí kò sẹ́ni tó tíì sọ fún wọn nílé náà rí. Mo ní, "Mama, èèyàn ni Àkànní. Èèyàn ni Àbẹ̀kẹ́. Ọkùnrin ni ti àkọ́kọ́, obìnrin ni ìkejì. Oríkì ni, ẹni tó bá fẹ́ràn ọmọ ló ń fi pè é nínú ilé. Àwọn ará ilé Julia ni."

Omi bọ́ lójú ìyá náà, kò nù ún. Ó ní, "Mo ti rò pé kò lẹ́nìkan. Gbogbo ọjọ́ ayé mi, mo rò pé kò lẹ́nìkan." Ó pe àwọn orúkọ méjèèjì náà wúyẹ́wúyẹ́. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé, "Nígbà tí Julia náà kú, orin òyìnbó la fi sin ín. Ta ló wá a?"

Ó ní kí n lọ bá Dawda, kí wọ́n fi orúkọ Julia sí orin náà.

Ibi tí mo ti mọ ẹni tí Dawda jẹ́ nìyẹn. Mo ti gba makirofóònù lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú èrò, kò fi ojú burúkú wò mí. Ó ní òun ti ń wá ẹni tó gbọ́ orin náà, Ọlọ́run ló kàn rán an wá tìbínú-tìbínú. Ó dín ìlù kù, ó jẹ́ kí balafon máa lọ jẹ́jẹ́, ó sì ní èmi ni màá dúró ti òun kọ ọ́, kí Yorùbá rẹ̀ lè yéni. Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà títí di òní. Ká ní ó dúró sórí Sípáníìṣì tó ń mówó wọlé fún un, Mama Adelaide ì bá lọ láìmọ̀ pé ìyá ńlá òun láráalé.

Ní Sunday kejì, èmi Yésúfù, alábọ́ tánganran, gun pèpéle pẹ̀lú báńdì. Kò sẹ́ni tó jó. Wọ́n dìde dúró. Mo bá Dawda pe Àkànní, mo bá a pe Àbẹ̀kẹ́. Nígbà tó kan Julia, mi ò lè pè é. Dawda wò mí, òun náà kò rí i pè. Láti ìlà iwájú, Mama Adelaide gbà á lẹ́nu wa, ó pe Julia, ó sì kọ orin náà parí.