Ìka Tí Wọ́n Fi Dípò Ẹbu

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n tètè rọ́ àlá tí mo lá fún yín kó tó parẹ́ lórí mi. Mo wà ní oko ànàmọ́ òyìnbó ní Áyálándì, níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ nígbà kan. Ìyá wa àgbà, tí wọn ò wọ bàálù rí láyé wọn, jókòó sórí ebè, wọ́n wọ bàtà rọ́bà, wọ́n ń gé ẹbu, wọ́n ń fi eérú pa ojú ibi tí wọ́n gé. Ebi ń pa mí, ni mo bá se ẹyọ kan jẹ.

Màmá àgbà ò tiẹ̀ bínú. Wọ́n ní, "A kì í jẹ ẹbu. A máa fi nǹkan dípò èyí tó o jẹ."

Wọ́n gé ìka mi kan, wọ́n fi eérú pa á, wọ́n gbìn ín. Kò dùn mí.

Òjò rọ̀, ewé yọ, gbogbo ará abúlé wá bá wa wa oko náà. Ọwọ́ ọmọdé la ń wà jáde, yẹ̀pẹ̀ wà léèékánná wọn. Màmá ń ṣà wọ́n sọ́tọ̀: ńlá fún ìkòkò, kékeré fún ẹlẹ́dẹ̀. Kékeré kan di àtàǹpàkò mi mú. Mo rí àpá iná áyọ́ọ̀nù lẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ Déọlá ọmọ mi ni.

Màmá ní, "Jù ú síbẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀ ń dúró."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn ìka ọwọ́ kékeré náà kúrò lára àtàǹpàkò mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ku ẹyọ kan nígbà tí mo jí.