Orin Ọgọ́rin Ọdún Àǹtí Agnes

Ọkọ mi, Ọládọ̀tun, ló máa ń kọ orin ọjọ́ ìbí fún Àǹtí Agnes. Ará Dẹ́nmáàkì ni wọ́n, ògiri kan ṣoṣo ló sì wà láàárín ilé wọn àti ilé wa ní Peckham láti ọdún mọ́kànlélógún. Wọ́n máa ń ṣàlàyé fún wa pé ní ìlú tiwọn, àwọn akéwì àtijọ́ kọ orin sínú ìwé, àwọn ọmọ ilé-ìwé ń kọ ọ́ láràárọ̀, títí gbogbo ìlú fi gbà pé akéwì làwọn. Káfíńtà ń kọ ewì. Ẹni tó ń tún páìpù omi ṣe ń kọ ewì. Bí ènìyàn bá pé ọgọ́rin ọdún, àwọn tó mọ̀ ọ́n gbọ́dọ̀ kọ orin nípa rẹ̀ sórí bébà, kí gbogbo àlejò sì kọ ọ́ láti ẹsẹ̀ kìíní dé ìkẹyìn.

Ọládọ̀tun kú ní oṣù kẹwàá. Láti ìgbà náà ni Àǹtí Agnes ti ń kan ògiri lẹ́ẹ̀mejì láràárọ̀, tí èmi náà á kan án padà, kí wọ́n lè mọ̀ pé mo ti jí. N kò kọ nǹkan kan mọ́ ju orúkọ mi lọ, sórí fọ́ọ̀mù káńsù. Nítorí náà ẹ̀rù bà mí nígbà tí wọ́n wá sọ fún mi ní oṣù kẹrin pé èmi ni kí n kọ orin ọgọ́rin ọdún wọn.

"Àǹtí, Ọládọ̀tun ló mọ̀ ọ́n kọ."

"Tinúadé, àwọn ẹbí mi ń bọ̀. Bí wọn ò bá gbọ́ orin gidi, wọ́n á ní n kò ní ẹnì kankan ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n á sì kó mi lọ sí ilé àwọn arúgbó lọ́hùn-ún. Má yìn mí o! Àléébù mi ni kí o sọ."

Mo rẹ́rìn-ín. Àgbà wo ló máa fi ẹnu ara rẹ̀ ní kí wọ́n yin òun? Àlejò tó ní òun ti yó, ṣebí oúnjẹ la ṣì máa ń bù fún un.

"Mọ́mì, they said no praise," ni Fọlá ọmọ mi wí. "Ẹ kàn bú wọn small."

"Kí n bú ẹni ọgọ́rin ọdún? Ní ilé-ìwé míṣọ́nnì tí mo lọ, bí o bá wo àgbà lójú lásán, eékún lo máa fi rìn yí pápá ká."

Mo kọ ẹsẹ̀ mẹ́wàá lédè Gẹ̀ẹ́sì, kí àwọn àlejò lè gbọ́ ọ. Àǹtí Agnes, fìtílà òpópónà wa. Àǹtí Agnes, ọwọ́ tí kì í rẹ̀ láti ṣoore. Mo fi í sí ohùn orin ìjọsìn kan tó ń rọra lọ.

Ọ̀sán Sátidé ni ayẹyẹ náà, nínú gbọ̀ngàn kan ní Nunhead. Àwọn ẹbí mẹ́tàlá ló wá. Ọ̀gbẹ́ni Sàká, onígbàjámọ̀ tó ń gbé ní iwájú ilé wa, náà wọ agbádá wá. A bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ní ẹsẹ̀ kẹta, àwọn obìnrin Dẹ́nmáàkì tẹrí ba. Ní ẹsẹ̀ karùn-ún, ọmọ àbúrò Àǹtí Agnes, tó jẹ́ dókítà eyín, bọ́ awò ojú rẹ̀. Ní ẹsẹ̀ keje ó ti wà lórí eékún, ó di ọwọ́ wọn mú.

"Àǹtí, ìgbà wo ni dókítà sọ fún yín?"

"Sọ kí ni?"

"Kò sí àléébù kan nínú orin yìí! Ní ìlú tiwa, ẹni tó ń kú lọ nìkan la máa ń yìn báyìí!"

Ọ̀gbẹ́ni Sàká, tó jẹ́ pé "kú" nìkan ló gbọ́, gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ìnná lílláhì!"

"Mi ò kú!" ni Àǹtí Agnes pariwo.

"Ẹ ṣọkàn akin, Àǹtí," ni dókítà eyín wí, tẹkún-tẹkún. "Lọ́la la ó mú yín lọ sílé."

Mo ro àárọ̀ tí n óò kan ògiri, tí ẹnikẹ́ni kò ní kan án padà. Mo dìde.

"Ahun ni Àǹtí Agnes!"

Dókítà eyín gbé orí sókè.

"Àkàbà tí wọ́n yá lọ́wọ́ ọkọ mi ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ó ṣì wà lọ́dọ̀ wọn! Ọbẹ̀ wọn, omi gbígbóná tí ẹja wẹ̀ nínú rẹ̀ ni! Bí wọ́n bá ta ayò, wọ́n á yí ọmọ ayò, wọ́n á ní ojú ló ń dun àwọn!"

Obìnrin kan bú sẹ́rìn-ín.

"Èmi náà ńkọ́?" ni Ọ̀gbẹ́ni Sàká wí. "Wọ́n ní kí n gé irun àwọn, wọ́n já sísọ́ọ̀sì gbà, wọ́n gé e fúnra wọn, wọ́n wá ní èmi ni mo bà á jẹ́!"

Àwọn àlejò ń fi ọwọ́ lu tábìlì. Dókítà eyín tún ń sunkún, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni lọ́tẹ̀ yìí. "Ara wọn le!" ló wí. "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ wọ́n. Ẹ máa tọ́jú wọn, n kò mú wọn lọ mọ́."

Àǹtí Agnes tẹ̀ sí etí mi. "N kò ní dá àkàbà yẹn padà o."

Nínú bọ́ọ̀sì, mo yí bébà orin náà padà. Níbi ìsìnkú Ọládọ̀tun, ogún ìṣẹ́jú ni mo fi yìn ín, bí ẹni tí kò wọ ilé ìdáná mi rí. Mo gba báírò lọ́wọ́ Fọlá, mo kọ ọ́ pé: Ọládọ̀tun, tó ń jí ẹran nínú ìkòkò, tó ń ní ológbò ni.

Fọlá wò ó láti èjìká mi. "Mọ́mì, a ò ní ológbò rí."

"Mo mọ̀," ni mo wí. Mo sì ń wá ẹsẹ̀ kejì.